Ìbéèrè Kẹtàlá

Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ má wá òǹkọ̀wé mìíràn kiri.
Ojú ìwé mẹ́rìnlélógójì, ẹ̀dà mẹ́fà,
Àtúnyẹ̀wò Ètò Ààbò àti Ìmúrasílẹ̀ fún Pàjáwìrì,
ní yàrá kẹta lápá òsì, sẹkitéríàtì Ìsánlú,
níbi tí fáànù ti ń yí bí arúgbó tó ń ronú gbèsè.

Ìgbìmọ̀ ti Lọ́kọ́ja dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
A kí wọn pé, "Okun o."
Ọ̀kan nínú wọn wolẹ̀
bí ẹni pé okùn wà níbẹ̀ tí yóò kọ́ òun lẹ́sẹ̀.
Kò mọ̀ pé agbára la fi ń kí ara wa níhìn-ín,
pé ẹni tí a bá kí bẹ́ẹ̀, a mọ̀ pé yóò nílò rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní rọrùn: iye ènìyàn.
Ìkẹrin: ǹjẹ́ ẹ ní fèrè ìkìlọ̀?
Mo kọ, "Ó wà." Òótọ́ ni.
Ó wà ní sítọ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá,
ó ń dúró de bátìrì bí àfẹ́sọ́nà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Líbíà.
Alángbá ti yé ẹyin sí i lẹ́nu.

Ohun tí wọ́n ń lù ní Ìdí-Ayan ni rímù,
rímù lọ́rì kan tó kú sọ́nà Ẹ̀gbẹ̀,
wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò iléèwé.
Ìró mẹ́ta: ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wọ kíláàsì.
Ìró tí kò dáwọ́ dúró: ẹ má wẹ̀yìn.
Ìwé náà kò ní àyè fún rímù.

Ìkẹsàn-án: ǹjẹ́ ẹ mọ nọ́ńbà tí ẹ ó pè?
Orímọlóyè, olórí àwọn ọdẹ aṣọ́lùú, rẹ́rìn-ín.
"A mọ̀ ọ́n sórí. Ọmọ mi fi ń kọ́ òǹkà.
Ṣùgbọ́n orí àpáta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà,
orí àpáta náà ni wọ́n sì ń gbà wọlé."

Ìkẹtàlá: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó ni ìrànlọ́wọ́ ń dé?
Nọ́ńbà nìkan.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá ìyá Mẹ́dùpin.
Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó nu ọ̀bẹ.
"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣu kaná nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún.
Láti inú oko kaṣú tí a sá sí ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀:
ó hó,
ó jinná,
omi gbẹ, ó ń jó,
ìkòkò là, mo gbọ́ ọ.
Òjò rọ̀ sí eérú.
Lẹ́yìn náà la rí iná ọkọ̀ wọn lódìkejì odò.
Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn, ìwọ tí o kàwé?"
Mo ní, "Màmá, nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́."
Ó ní, "Iṣu kan ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi.
Kò gbójú sókè. "Kí la kọ lọ́dún tó kọjá?"
Ọgbọ̀n, sà.
"Ó ti yanjú."

Mo tẹ ẹẹ́ta. Mo tẹ òdo.
Òdo náà yanu bí ìkòkò lórí ààrò.
Mo wò ó títí wọ́n fi múná lọ,
mo ṣì ń rí i nínú òkùnkùn.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀dà tiwọn lọ fún wọn ní Ìdí-Ayan.
Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí rímù fi dún.
Obìnrin kan gbé agbè omi rẹ̀ sílẹ̀.
Ẹni tó ń gé irun dá abẹ dúró létí oníbàárà.
Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀; gbogbo wa ń kà á.
Ọ̀kan.
Èjì.
Ẹ̀ta.

A dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i,
bóyá ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ ọwọ́ ni.